Ọkùnrin Tó Tọrọ Òórùn Kọfí

Kọfí náà kò ní òórùn. Ohun tó kọ́kọ́ fu Ìyá Aláṣọ lára nìyẹn.

Àgbàlá ilé àlejò kan ni wọ́n yà sí kí wọ́n lè na ẹsẹ̀ díẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ tó ń wakọ̀ fún un. Láti ìgbà tí ọkọ obìnrin yìí ti kú, àbúrò yìí ló ń gbé e kiri ọjà. Òun nìkan náà ló kù fún un nínú ọmọ ìyá rẹ̀.

Arìnrìn-àjò kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àpò rẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan jáde, kò tóbi ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Ó da kọfí lílọ̀ sí i nídìí, ó rọ omi gbígbóná láti inú fíláàsì lé e lórí, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí iná, kò sí wáyà. Kọfí dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ife, ó ki, ó ń hó lójú.

Ìyá Aláṣọ fa imú. Ooru kọfí ń fẹ́ sí i lójú, àmọ́ imú rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ imú yìí kan náà ló fi ń mọ aṣọ tí òjò ti pa rí, bó ti wù kí wọ́n sá a tó.

"Ẹ gbà, ẹ mu ún," ni ọkùnrin náà wí fún àbúrò. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. "Èmi kì í mu ún. Ẹ ṣáà fi òórùn sílẹ̀ fún mi."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Òórùn lásán? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo onínúure! Mo fi í sílẹ̀ fún yín pátápátá." Ó gbé ife sẹ́nu, ó dà á mì.

"Ẹ̀yin ńkọ́, màmá?"

"Èmi kì í gba ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ń na ọwọ́ kan sí mi, ìkejì ni mo máa ń wò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó yán, ẹnu rẹ̀ yà dé etí.

Lákọ̀ọ́kọ́, inú àbúrò dùn. Ó ní ojú òun mọ́ kedere bíi gíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa ra ọjà tán lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n ń padà bọ̀, ojú ọ̀hún ti pọ́n bí ata. Bó bá dùbúlẹ̀, àjà ilé ni yóò máa wò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí èèyàn lójú títì níbi tí kò sí ẹnì kankan. Ó yà fún ọ̀kan, ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ kó sí kòtò. Ó páàkì, ó gbé orí lé sítíárì, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa kú. Mi ò rí oorun sùn. Àfi bíi pé wọ́n gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Aláṣọ létí. "Kí ni oníkọfí yẹn sọ fún ọ? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní kí n fi òórùn..."

"Mo ní bó ṣe sọ ọ́! Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

Àbúrò rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Òórùn àti oorun, bákan náà ni wọ́n ń dún. Kọfí tí kò rùn rárá, òórùn wo lèèyàn fẹ́ tọrọ níbẹ̀?

"Yí ọkọ̀ padà," ni Ìyá Aláṣọ wí.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé ilé àlejò náà. Obìnrin tó ni ilé pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé èèyàn yín ni? Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ló ti ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. A lù ú, a da omi lé e lórí, ẹ̀gbẹ́ ló kàn yí padà. Ìhanrun rẹ̀ ti lé oníbàárà mi tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò ńlẹ̀ fún mi!"

Ìyá Aláṣọ súnmọ́ bẹ́ǹṣì. Ìhanrun náà fà, ó já láàárín, ó wá fi súfèé parí. Orí ẹní kan náà ni ìyá wọn ń tẹ́ òun àti àbúrò rẹ̀ sí. Ìhanrun yìí ló gbọ́ dàgbà.

Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó tú àpò ọkùnrin náà, ó yọ ẹ̀rọ, ó da kọfí sí i, ó gba omi gbígbóná lọ́wọ́ onílé, ó fi gbogbo àyà tẹ̀ ẹ́. Ó gbé orí ẹni tó ń sùn náà sókè, ó fi ife kàn án lẹ́nu.

"Mu ún," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí o sì fi òórùn sílẹ̀ fún àbúrò mi."

Ọkùnrin náà gbé e mì lójú oorun. "Mo fi í sílẹ̀."

Ojú rẹ̀ là. Omijé kún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ̀rọ̀ sókè bí èèyàn. "Màmá, ẹ ṣeun o. Ó ti wúwo jù fún mi. Àmọ́ oníṣòwò bíi yín, ẹ ò sọ pé oorun àbúrò yín nìkan lẹ fẹ́ gbà."

Ìyá Aláṣọ sáré lọ sídìí ọkọ̀. Àbúrò ti nà gbọọrọ sórí àga, ó ń sùn. Ìhanrun rẹ̀ fà, ó já, ó súfèé. Obìnrin náà fọwọ́ lé àyà, ó dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà, ìhanrun yí padà. Ó di ti arúgbó tí ikọ́ ń há lọ́fun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í payín keke, bẹ́ẹ̀ àbúrò kì í payín keke lójú oorun. Èémí jẹ́jẹ́ tẹ̀lé e, bíi ti ọmọ ọwọ́ tó mu ọmú yó.

"Dìde!" Ó mì ín, ó gbá a létí. "Àbúrò mi, mo ní kí o dìde!"

Ètè àbúrò mì. Ohùn ọmọdébìnrin kan ló jáde.

"Màámi, ṣé ilẹ̀ ti mọ́?"

Kí Ìyá Aláṣọ tó la ẹnu, ohùn obìnrin mìíràn dáhùn láti inú ọ̀fun kan náà, pẹ̀lú sùúrù.

"Ó tì o, ọmọ mi. Padà sùn."