Ta Ni Yóò Gbà Á Lọ́wọ́ Mi?

Ọkọ̀ náà ti lo oṣù mẹ́jọ lórí iyanrìn, kò ní bátìrì, kò ní táyà, síbẹ̀ nígbà tí Sofiullahi tú páìpù pọ́ǹpù sitíárín rẹ̀, ọ́ìlì tó ṣàn sí i lọ́wọ́ mọ́ tónítóní, ó pupa, ó sì gbóná bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ́ńjìnì. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó gbójú sókè wo ọ̀run. Oṣù kẹjọ ọdún ni, oòrùn Sharjah kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́. Irin tó bá wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan, èèyàn lè fi dín ẹyin. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, àlàyé kì í wọ́n ọn.

Mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá ni Sofiullahi, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé ní Industrial Area. Ọkọ̀ tí ó ń wá pọ́ǹpù fún, ọkọ̀ Ládé ni. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, Sofiullahi lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, Ládé lókè. Ládé ló ń wa típà tó ń kó òkúta láti orí òkè Ras Al Khaimah wá sí Dubai. Ó ní ìyàwó kan ní Ìkirè, Kàfáyàt, ó sì ní ọmọ oṣù méje kan tí kò tíì fojú kàn àfi nínú fóònù.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí sitíárín ọkọ̀ náà ti ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so gbàgbé. Pọ́ǹpù rẹ̀ ti jẹ tán, àwọn họ́ọ̀sì rẹ̀ ti sán, wọ́n ń làágùn ọ́ìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ó wá le pátápátá ní ráńdábáòtù, tí Ládé fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn kó tó yí. Ó wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tó ti bó síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, please, ẹ ṣàánú mi. Manager ní tí motor yẹn ò bá move by four, khalas, ó parí nìyẹn, wọ́n máa cancel visa mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò tíì rí ọmọ mi."

"Fara balẹ̀. Lọ jókòó síbi tí AC wà," ni Sofiullahi wí.

Ọ̀gá wọn, ará Pakistan tí gbogbo wọn ń pè ní Ustaad, ti fóònù gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta pọ́ǹpù tuntun. Kò sí ẹni tó ṣì ń ta irú ti ọkọ̀ ògbólógbòó náà. Ó nawọ́ sí àgbàlá àwọn tó ń ta àlòkù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó ṣe kíá. "Sofi, yalla, jaldi! Pump take, pipe take, full set."

Bí Sofiullahi ṣe dé ìdí ọkọ̀ tó ti run náà nìyẹn. Iwájú rẹ̀ lápá òsì ti wọnú lọ dé ibi ìjókòó awakọ̀. Bàbá ará Bangladesh tó ń ṣọ́ àgbàlá dúró tì í bó ṣe ń tú nọ́ọ̀tì.

"Driver finish," ni bàbá náà sọ jẹ́jẹ́. "African. They cut, cut, take him out. Hand still on steering." Ó tọ́ka sí ilé pákó kan tí kò jìnnà. "Paper in office. Name inside. You want?"

Sofiullahi wo aago. Ó ti kọjá agogo mọ́kànlá ààbọ̀. Tó bá di ìdajì wákàtí lẹ́yìn méjìlá, àkókò tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ nínú oòrùn á ti dé, gbogbo nǹkan á sì wà ní títì títí di agogo mẹ́ta. "No, shukran," ló dá a lóhùn. Ó gbé pọ́ǹpù náà sábẹ́ apá, ó fi họ́ọ̀sì kọ́rùn, ó ń sáré lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mọ̀, kí ẹ má baà ṣàánú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá Ọlábámijí, kì í fi irin ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kú sórí ìjókòó sínú ọkọ̀ mìíràn bẹ́ẹ̀ lásán. Bàbá náà á kọ́kọ́ wádìí orúkọ olóògbé. Á gbé irin náà kalẹ̀, á pe orúkọ ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Sọ̀ kalẹ̀, o ti dé ibi tí ò ń lọ." Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó sọ orúkọ ẹni tí yóò máa lò ó, pẹ̀lú orúkọ ìyá onítọ̀hún, kí irin náà lè dá a mọ̀ kó má ṣe é níbi. Ìdajì méjèèjì ló ń jẹ́ odindi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Sofiullahi fi wò ó, kò sí pé kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n gangan, àwọn yòókù ti wọlé lọ sùn. Òun nìkan ló kù lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ẹyẹ, kò tilẹ̀ sí ariwo ọkọ̀ lójú títì. Ó de pọ́ǹpù, ó so họ́ọ̀sì, ó fún nọ́ọ̀tì. Kó tó rọ ọ́ìlì, ó rántí ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbọ́wọ́ lé irin náà. Kò ní orúkọ olóògbé kankan láti pè, nítorí náà ó fo ìdajì àkọ́kọ́. "Ládé ọmọ Nùsírátù ni yóò máa wà ọ́," ló wí. "Dá a mọ̀. Má ṣe é níbi."

Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì tẹná sí i. Ẹni tó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù sitíárín gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì jáde: á gun orí ìjókòó, á máa yí sitíárín sósì dópin, sọ́tùn-ún dópin, títí ọ́ìlì inú ike pọ́ǹpù náà kò fi ní hó mọ́. Sofiullahi ò tíì gun òkè. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀ nídìí ike, ó ń wo ọ́ìlì tó ń hó, nígbà tí táyà iwájú méjèèjì rọra yí sí òsì.

Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe dópin. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n padà sọ́tùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ó rò pé Ládé ló ti dé. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Sitíárín ń yí fúnra rẹ̀, fóòmù ìjókòó sì tẹ̀ wọlẹ̀ níbi tí ìdí èèyàn máa ń wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Yorùbá ni, ohùn ọkùnrin tí òùngbẹ ń gbẹ. "Ó ti rẹ̀ mí. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi?"

Ìbéèrè awakọ̀ ni. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ àṣegbà rí mọ̀ ọ́n: o kò gbọdọ̀ dìde títí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ yóò fi dé. Sofiullahi ìbá pa ẹ́ńjìnì. Ìbá sáré lọ wo ìwé tó wà nínú ilé pákó. Ìbá tilẹ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n sitíárín dúró, ó sì mọ̀ lára pé wọ́n ti kọjú sí òun.

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Rárá o!" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. "Kì í ṣe èmi. Ládé ni. Ládé ọmọ Nùsírátù."

Fóòmù ìjókòó rọra gbéra sókè. Nísàlẹ̀, ọ́ìlì inú ike ti dákẹ́ rọ́rọ́, kò hó mọ́.

Agogo mẹ́ta ku díẹ̀ ni Ládé dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gun òkè, ó yí sitíárín pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo. "Haa, ẹ̀gbọ́n! Ẹ wò ó bó ṣe soft! Ó ń yí kí n tó mú un dání."

"Ládé," ni Sofiullahi pè é.

"Ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ Ládé tó ti bó. Ó wo ojú rẹ̀. "Kò sí nǹkan," ló wí. "Máa rọra wà á." Ibí yìí ni mo ti bínú sí i jù. Ẹ̀rù lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn lójijì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ojú kàn ń tì í láti sọ pé òun ti darúkọ ọ̀rẹ́ òun fún òkú ni.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ó fi ń retí ìròyìn ìjàǹbá. Kò sí ìjàǹbá kankan. Ládé wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kí gbogbo ará yàrá níkọ̀ọ̀kan, ó dúró sí àárín ilẹ̀, ó ní, "Èwo ni bẹ́ẹ̀dì mi?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó jẹun bí ẹni tí kò rí oúnjẹ fún ọdún kan. Kò fi gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ará Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí Kàfáyàt pè, ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ fóònù náà títí, kó tó dáhùn. Kàfáyàt gbé ọmọ síwájú, ọkùnrin náà sì bú sẹ́kún.

Sofiullahi dúró títí ó fi pa fóònù. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ni ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun," ni ọkùnrin náà dáhùn, kò tilẹ̀ yájú. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó síbẹ̀. Orúkọ mi wà nínú ìwé, kò ju ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí ẹ dúró sí. Ká ní ẹ pè é ni, ǹ bá ti máa lọ sí ọ̀run mi. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fún mi náà ni mo gbà."

Nígbà tí ọ̀sán tún pọ́n lọ́jọ́ kejì, Sofiullahi lọ sí gáréèjì ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ Ládé. Ó gun ọkọ̀ náà. Kó tó tẹná sí i rárá, sitíárín yí.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀?" Ohùn Ládé ni, ó ti há. "Mo ti ń horn, mo ń horn, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn. Mi ò lè fi ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, please, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?"

Sofiullahi mọ̀ pé bí òun bá ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, òkú ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀run ni Ládé yóò gbà lọ. Ohun kan ló kù, kò sì le: kó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, kó jókòó rọ́pò ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Sofiullahi," ló wí. "Sofiullahi ọmọ..."

"Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n," ni Ládé ń wí. "Ọmọ ta?"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn.

Ọkùnrin tó wà nínú ara Ládé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan sitíárín mọ́ láyé, ilé lòun ń lọ. Sofiullahi ló bá a gbé àpótí dé pápákọ̀ òfuurufú Dubai, bóyá nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Kàfáyàt pè, tó ní kí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ní fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ní láti dúpẹ́ ni," ló ń sọ, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Ládé tó lọ sí Dubai, kì í ní sùúrù fún èèyàn. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má pè. Ní báyìí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, ó ń pè mí, ó ń béèrè ọmọ, ó ń sunkún. Ó sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ yọ òun níbi tí òun há sí. Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ dá padà fún mi yìí dára ju èyí tó lọ. Ọlọ́run á san yín lóore. Bí ẹ ṣe ṣe ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run á ṣe ọmọ tiyín."

Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di pásípọ́ọ̀tù Ládé mú, ó ń retí ohun tí yóò sọ.

"Àmín," ni Sofiullahi wí.