Ilé Ẹja Alàgbà Akínwándé

Inú ilé ẹja ni Ọpẹ́mipọ̀ jókòó sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni mo ń sọ. Odindi ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ló ká ẹsẹ̀ jọ sínú àpótí gíláàsì bàǹtàbanta kan, tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé, tó ń ṣe bí ẹja. Joy ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró síta, ó na fóònù sí i, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

"Da irun ẹ síwájú! Bíi mámíwọ́tà gan-an lo ṣe rí. Gbogbo kíláàsì ló máa pariwo ẹ lónìí."

"Tètè yà á, jàre. Màmá mi máa tó dé."

Ṣọ́ọ̀bù ìyá Ọpẹ́ ni wọ́n wà, ní Joju. Adébùkọ́lá ni orúkọ obìnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíkan ilé ẹja onígíláàsì, irú èyí tí àwọn èèyàn ń gbé sí pálọ̀ kí àlejò lè máa wo ẹja aláràbarà. Nígbà tó kọ́kọ́ ti Ìwó dé, ilé iṣẹ́ gíláàsì kan ní Sango ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n dá a dúró níbẹ̀, kò jókòó sunkún. Ó ra irin ìgé gíláàsì tirẹ̀, ó dá dúró. Nínú gbogbo èyí tó ti kàn rí, èyí tó wà nílẹ̀ yìí ló tóbi jù. Ó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Alàgbà Akínwándé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Ìjù, ló ní kó bá òun ṣe é. Ìyá Ọpẹ́ ti fi omi kún un dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan, kò jò rárá. Ó fa omi náà dànù, ó wá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọkọ̀ yóò fi wá gbé e lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún ló jókòó sínú rẹ̀ yẹn.

Ìgbà tó fẹ́ jáde ni wàhálà dé. Joy na àga irin kékeré kan sí i. Ọpẹ́ gbé e kalẹ̀ sínú ilé ẹja náà, ó gùn ún, àga yẹ̀, ẹsẹ̀ àga sì lọ kọ lu gíláàsì iwájú, nísàlẹ̀ igun. Ó dún kẹ́!

Ọpẹ́ rápálá jáde, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìlà kan tín-ín-rín bí irun orí ti là láti ìsàlẹ̀ gíláàsì náà, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

"Mo gbé! Joy, ó ti sán o!"

"Yéé pariwo. Ìyẹn náà ló ń jẹ́ sísán? Ṣebí gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kùn ún lé e. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo igun?"

"Màmá mi máa ń sọ pé gíláàsì tó bá ti sán, omi ló máa parí iṣẹ́ ẹ̀."

"Ó dáa, lọ sọ fún wọn nígbà náà. Sọ fún wọn pé inú ẹ̀ lo ti ń ṣe mámíwọ́tà."

Ọpẹ́ mú gọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ ẹ́ lé ìlà náà, ó fi ìka fà á dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún mọ́ bí ẹni pé ìyá rẹ̀ gan-an ló ṣe é. Áà, ó mà ṣe o! Iṣẹ́ tí ìyá fi kọ́ ọmọ ni ọmọ fi ń tan ìyá jẹ.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ọpẹ́ fi dé tòun ti orin ẹ̀mí lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ pa gíláàsì náà lára.

"Wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ẹ, Ọpẹ́. Jẹ́ kí èyí dúró ní pálọ̀ Alàgbà ná, gbogbo Ìjù ló máa mọ̀ pé obìnrin kan wà ní Joju."

Ọpẹ́ la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ó rẹwà, mà," ló jáde.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin gìrìpá bá wọn gbé ilé ẹja náà dé Ìjù, wọ́n gbé e karí irin tí wẹ́dà ti ṣe sílẹ̀ fún un. Pálọ̀ tuntun ni, rọ́ọ̀gì tuntun, àga tuntun. Wọ́n fa họ́ọ̀sì wọlé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi lóde ni wọ́n fi Ọpẹ́ sí, ojú fèrèsé ló ti ń wo inú ilé. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì, ó ń nù ún, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bí omi ti ń ga sí i. Alàgbà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúpẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọpẹ́ ní bí omi bá dé ìlàjì, òun á sọ̀rọ̀. Omi dé ìlàjì. Kò sí nǹkan kan. Ó ní bóyá gọ́ọ̀mù ti dì í mú, bóyá Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Omi ń gòkè. Ìyá rẹ̀ ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí omi kún, Ọpẹ́ ti ẹ̀rọ pa, ó wọlé, ó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ìgbà náà ni Jùwọ́n, ọmọ-ọmọ Alàgbà, sáré wọlé. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé.

"Ẹja dà?"

"Ẹja ò tíì dé, ọkọ mi," ni Ìyá Ọpẹ́ wí bó ti ń dìde. "Omi ló máa kọ́kọ́ jókòó ná."

Jùwọ́n kò gbà. Ó lọ lẹ imú mọ́ gíláàsì, ní igun yẹn gan-an, ó ń wá ẹja. Ọpẹ́ wo ìsàlẹ̀, ó rí ìlà funfun kan tó yọ jáde lábẹ́ gọ́ọ̀mù dúdú, tó ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ sí ojú ọmọ náà.

"Ẹ gbé e kúrò! Ó ti sán! Àtàná ló ti sán!"

Ó fò mọ́ ọmọ náà, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́yìn àga. Ìyá Ọpẹ́ ì bá ti sá, ààyè wà fún un. Ṣùgbọ́n "àtàná" yẹn kàn án mọ́lẹ̀. Dípò kó sá, ó yíjú wo ọmọ rẹ̀.

Gíláàsì bẹ́. Ó dún bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù bẹ́ ní títì Sango. Omi ya gbogbo pálọ̀, ó gbá Ìyá Ọpẹ́ ṣubú, ó gbé tábìlì, ó gbé bàtà. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni Alàgbà ń ké. Nígbà tí omi máa fi rọlẹ̀, Ìyá Ọpẹ́ jókòó sínú àfọ́kù, apá ọ̀tún rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Kò wo apá. Ọpẹ́ ló ṣì ń wò.

"Àtàná?" ló bi í, ohùn rẹ̀ kò jù bíńtín lọ.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì rán apá náà. Ó ní yóò pẹ́ kí ọwọ́ yẹn tó lè gé gíláàsì. Ọpẹ́ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, àti mámíwọ́tà, àti gọ́ọ̀mù. Alàgbà Akínwándé, tó gbé wọn wá, mí kanlẹ̀.

"Ohun tó o ṣe kò dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo gba Jùwọ́n là. Mo dúpẹ́."

Ara tu Ọpẹ́ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ èyí. Alàgbà jáde, ó ku òun àti ìyá rẹ̀.

"Ọpẹ́, má sunkún, dá mi lóhùn. O rí ọmọ olọ́mọ níwájú gíláàsì, o pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ṣeun. Kó tó dé ńkọ́? Ta ló kúnlẹ̀ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí omi ń ga?"

Ọpẹ́ kò tíì rò ó dé ibẹ̀ rí, àfi ìgbà yẹn.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi ni."

Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò bú u, ó kàn kọjú sí ògiri. Ì bá sàn fún Ọpẹ́ kó nà án.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tí kì í ba nǹkan jẹ́. Bí tìrẹ bá dé, tètè sọ, kí ojú tì ọ́, kí wọ́n bínú sí ọ, yóò kọjá. Ohun tó o bá bò mọ́lẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ jù ni yóò kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọn ò sì ní mọ̀.