Ta Ló Lè Wọ Rọ́kẹ́ẹ̀tì Kíákíá?

Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọ kan, nítorí kì í lè dúró lójú kan.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó fò dìde lórí ibùsùn. Gbì! Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ níwájú ilé.

Bàbá ń tún fíríìjì ṣe. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rédíò ní, "Tẹ́lẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń lọ sí gbalasa òfuurufú, lókè lọ́hùn-ún níbi tí òṣùpá wà. Ní báyìí, ará ìlú lásán náà ti ń wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?"

"Kò yẹ!" ni Bàbá wí. "Ará ìlú lásán! Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀? Wọ́n á kàn máa fọwọ́ kan ohun tí kò kàn wọ́n."

"Ó yẹ," ni Màmá Àgbà wí láti orí àga rẹ̀. "Èmi fẹ́ rí òṣùpá nítòsí kí ojú mi tó di bàìbàì."

Kíákíá ò dá sí i. Páálí fíríìjì ló ń wò. Páálí gíga. Páálí ńlá!

"Bàbá, ṣé mo lè fi ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Kí Nọ́ọ̀sì tó dé ni o! Ó ń bọ̀ wá gbé fíríìjì rẹ̀ lónìí, inú páálí yẹn ni fíríìjì náà sì máa wọ̀. Tí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dún, eré parí."

Àkókò ò sí! Kíákíá gbé páálí dùbúlẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya fèrèsé. Kírí, kírí, kírí. Ó lẹ ìdérí ìgò mẹ́ta mọ́ inú rẹ̀, kó lè rí nǹkan tẹ̀.

"Mo ń lọ sójú òṣùpá o! Ó dìgbà!"

"Dúró dè mí," ni Màmá Àgbà wí.

"Míáò," ni ológbò wí.

"Èmi! Èmi!" ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó ti ń rá bọ̀.

Kíákíá pòṣé. Ṣíọ̀! "Ó ti sú mi o! Ará ìlú lásán ni gbogbo yín. Ẹ ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀!"

"Kọ́ wa nígbà náà," ni Màmá Àgbà wí.

Kíákíá ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ìdánwò kan ló wà. Ẹ máa jókòó jẹ́ẹ́ títí n ó fi ka ení dé ẹ̀wá. Ẹni tó bá mira, kò lọ."

Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa lè ṣe é.

Màmá Àgbà jókòó. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta…" Họ̀ọ̀n! Họ̀ọ̀n!

"Màmá Àgbà, ẹ ń sùn!"

"Ṣé mo mira?"

"Ẹ ò mira."

"Mo yege nìyẹn."

Ṣíọ̀! Ó sú Kíákíá.

Ológbò jókòó. Ení dé ẹ̀wá, ìrù rẹ̀ gan-an ò mì. Ó yege. Ṣíọ̀! Ó sú Kíákíá.

Àbúrò jókòó. Ó ti àtàǹpàkò bọ ẹnu. "Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá." Àbúrò yìí, tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n wọṣọ fún un! Òun náà yege. Ṣíọ̀! Ṣíọ̀! Ṣíọ̀!

"Ó wá ku ìwọ," ni Màmá Àgbà wí.

"Èmi kẹ̀? Èmi ni mo ni rọ́kẹ́ẹ̀tì!"

"Ṣebí ìwọ náà lo ṣòfin."

Kíákíá jókòó. Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ení." Imú ń yún un. "Èjì." Etí ń yún un. "Ẹ̀ta." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó fúnra rẹ̀.

Gbì! Kíákíá ti fò dìde.

"Ẹ tún un kà!" Màmá Àgbà tún un kà. Ení. Èjì. Gbì!

Nínú gbogbo wọn, Kíákíá nìkan ni kò yege. Omijé lé ròrò sí i lójú. "Ara mi yìí ti sú mi!" ló wí.

Pín-ín! Pín-ín! Fèrè ọkọ̀ ń dún bọ̀ láti òpin àdúgbò. Nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀ yẹn!

Àwọn tó yege ti wọ inú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kíákíá yọjú wò wọ́n. Màmá Àgbà jókòó jẹ́ẹ́. Ológbò jókòó jẹ́ẹ́. Àbúrò jókòó jẹ́ẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà jókòó jẹ́ẹ́.

"Ẹ dúró ná," ni Kíákíá wí. "Tí gbogbo yín bá jókòó jẹ́ẹ́, ta ló máa wà á?"

Wọ́n wo ara wọn.

Kíákíá nu ojú rẹ̀. "Òfin yẹn ò dáa. Èmi ni mo ṣe é, mo sì ti fagi lé e. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wọlé. Ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́, kó di ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mú!"

Kíákíá kó sínú páálí. Màmá Àgbà di aṣọ Kíákíá mú gírígírí.

"Páálí mi dà?" Bàbá ló dé yẹn. "Nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀! Ẹ ti sú mi nínú ilé yìí o!"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú páálí. Ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ẹ gbọ́," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé àyè ṣì wà?"

"Ṣebí ẹ ní kò yẹ!"

"Mo kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Ẹ wọlé," ni Kíákíá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan!"

Bàbá wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́ kù síta.

Kíákíá tẹ ìdérí ìgò. Tẹ́! Tẹ́! Tẹ́! Ó fò sọ́tùn-ún, ó fò sósì. Fùùùùù! Páálí ń mì. Ó dìgbà, òrùlé! Ó dìgbà, àwọsánmà! Òṣùpá rèé!

"Ó mà dára o," ni Màmá Àgbà wí. Oorun ti dá lójú rẹ̀ pátápátá.

Kò! Kò! Kò! Nọ́ọ̀sì ń kan páálí. "Ẹ kúulé o. Fíríìjì mi dà?"

"Ẹ ní sùúrù!" ni Kíákíá ké. "A ṣì wà lójú òṣùpá!"

Nọ́ọ̀sì pòṣé. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Bàbá.

Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ó ń dúró kó kan òun.