Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Fọ̀

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí Bàbá Dúródọlá, àgbẹ̀ kòkó kan ní Ajue, rí obìnrin kan tó fẹ̀yìn ti igi kòkó bí ẹni tó ń sinmi. Aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, ìró rẹ̀ sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bàbá kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn. Bàbá ju àdá sílẹ̀, ó sáré gba ojú títì lọ.

Kí oòrùn tó ga, Inspẹ́kítọ̀ Olúrónkẹ́ ti dé láti Ore. Ó ṣí aṣọ lójú òkú náà, ó sì mọ̀ ọ́n: Ìdáyátù ni, ìyàwó Sùlè, ọ̀kan lára àwọn tó ń to ọkọ̀ ní gáréèjì. Wọ́n ti fún un lọ́rùn pa. Inspẹ́kítọ̀ rọra ká ìró náà sókè. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko mu òun fúnra rẹ̀ dé kókósẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ìdáyátù mọ́ tónítóní, títí dé àárín ọmọ ìka. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Kẹrosíìnì.

"Gàzálì," ó pe sájẹ́ǹtì rẹ̀, "ohun tá a rí lábẹ́ ìró yìí, ìwọ, èmi àti dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

Gàzálì mi orí pé òun gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ Oyin, obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ pa, rí nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀ ní Ago Alaye ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọn ò sì sọ ọ́ fún ará ìlú kankan. Láàárín ikú Oyin àti ti Ìdáyátù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Karimat lọ sọ́jà Odigbo, kò padà wálé mọ́.

Kó tó di ọ̀sán, ìlú ti mú ọ̀daràn tirẹ̀. Àzíìz tó ń ta fíìmù sórí fóònù níwájú gáréèjì ló ta fíìmù ará Kòríà kan káàkiri Ore, èyí tí ọkùnrin kan ti ń pa obìnrin, tó sì ń fi aṣọ funfun bo ojú wọn. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dáná sun ún kí ọlọ́pàá tó gbà á sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹni tó ta ọ̀bẹ kọ́ ló pa ewúrẹ́," Àzíìz wí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀.

"Àwọn wo lo ta fíìmù náà fún?"

"Ta ni mi ò tà á fún, mà? Àwọn ọlọ́pàá pàápàá rà á."

Gàzálì wo ilẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó wo fíìmù náà. Ó dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè wò ó tán. Kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ẹkún kì í wá ògbufọ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló bà á lẹ́rù jù. Ẹ̀rín apànìyàn náà ni, bó ṣe ń kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ láàárọ̀. Ta ló ń kí èmi náà láàárọ̀? ló bi ara rẹ̀. Ó tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó mú bírò dání.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́runbùnmi, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, wá fúnra rẹ̀. Òun ló kó àwọn èèyàn wọ igbó nígbà tí wọ́n ń wá Karimat.

"Mà, ẹ má tú Àzíìz sílẹ̀ o. Iná kì í jó kó má rú èéfín. Gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fíìmù náà ni: wọ́n á fọ ẹsẹ̀ obìnrin, wọ́n á bo ojú rẹ̀."

Bírò Inspẹ́kítọ̀ dúró lórí ìwé. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́la."

Bó ṣe jáde, Inspẹ́kítọ̀ àti Gàzálì gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Agbabu.

Nígbà tí Ọlọ́runbùnmi padà wá, ó bá Sùlè àti Àzíìz nínú ọ́fíìsì. Inspẹ́kítọ̀ gbé fíìmù náà sí i. "Ẹ dá a dúró níbi tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀."

Fíìmù náà parí. Ọlọ́runbùnmi kò dá a dúró níbì kankan.

"Mo rò pé mo rí i ni."

"Ẹ rí i lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nínú fíìmù. Bàbá Dúródọlá ò ká ìró yẹn. Oyin ti kú kí fíìmù yìí tó dé Ore, kò sì sí aṣọ lójú tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ wò ó lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú, ká lè máa wo Àzíìz. Ta ló ń fi kẹrosíìnì fọ ẹsẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ yọ ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì? Ibo sì ni ọ̀dà ti ń sun láti inú ilẹ̀, bí kò ṣe Agbabu? A ti dé oko yín. Bàtà obìnrin mẹ́ta la bá nínú ahéré."

Ohùn Ọlọ́runbùnmi tutù bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò. "Ìgbà tí mo wo fíìmù yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí."

Sùlè fò dìde, ó gbé àga irin sókè. Inspẹ́kítọ̀ bọ́ sáàárín wọn.

"Ẹ yàgò, mà! Ẹ jẹ́ kí n pa á!"

"Karimat ńkọ́?" Inspẹ́kítọ̀ béèrè. "Bàtà mẹ́ta, Sùlè, òkú méjì. Ìwọ rí ìyàwó rẹ sin. Tó o bá pa á, ta ló máa sọ ibi tí Karimat wà, kí ìyá rẹ̀ náà lè rí i sin?"

Sùlè rọra gbé àga náà kalẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlọ́runbùnmi tọ́ka síbì kan lẹ́yìn ebè ẹ̀gẹ́. Sùlè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn gbẹ́ ẹ, Inspẹ́kítọ̀ sì gbà. Ìyá Karimat dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Nígbà tí lèmọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ìyá na ọwọ́, ó di ọwọ́ Sùlè tó kún fún ẹrẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí àdúrà fi parí.