Ilẹ̀ Tó Ń Mumi Bí Ràkúnmí

Pásítọ̀ ṣì ń gbàdúrà ìṣílé fún Mamle Narteh lọ́wọ́ nígbà tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá a ṣe àmín. Ó kọ́kọ́ dún gulugulu, ó tún dún bùlàbùlà, kí àwọn àlejò sì tó lajú, omi dúdú ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn yọ, ó ń rọra rìn bọ̀ ní pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n fìwé pè. Pásítọ̀ fò sórí àga. Àwọn akọrin gun tábìlì, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ inú kẹ́ńkè àti ẹja díndín. Ìyá Mamle, tó ti Ada wá bá a yọ̀, ká ìró dé orúnkún.

"Mamle, ilé lo kọ́ ni, àbí kànga?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun bẹ́ẹ̀dì ná!"

Kí wọ́n tó gbọ́n omi náà tán, ariwo ti sọ ní ojúlé kejì, ó ti sọ ní òdìkejì títì. Òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo ló rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, gbogbo ilé tuntun tó wà ní Asomdwee, lẹ́bàá Dawhenya, sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun tí wọ́n ti gbé mì.

Opó ni Mamle. Aṣọ ló ń rán ní Ashaiman tó fi kọ́ ilé yẹn, láti orí búlọ́ọ̀kù dé orí páànù. Kì í ṣe pé wọ́n fipá mú un ra ilẹ̀ níbẹ̀ o. Ojú rẹ̀ kòrókòró ni Injiníà Fiifi Quansah, tó ń ta ilẹ̀ náà, oní-ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹyin lékeléke, gbẹ́ ihò sílẹ̀ níwájú gbogbo olùrà, tó da omi sí i, tí omi náà sì pòórá, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó!" ni Fiifi ń wí, tó ń ju apá. "Ilẹ̀ yìí ń mumi bí ràkúnmí! Kí oníkálukú gbẹ́ kòtò tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ á máa fa omi ìdọ̀tí mu, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ láéláé."

Kwabla Agbeko, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà sì pàtẹ́wọ́. Òun ló tẹ òǹtẹ̀ lu ètò náà. Nítorí náà, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìkún-omi yìí, àwọn ará Asomdwee ká a mọ́.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i!"

"Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́!"

"Wolé-wolé wo ló ń pàtẹ́wọ́ fún ihò?"

Agbeko gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó lọ síbi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà, ó ń gbẹ́ ẹ bí ẹni tí ń wá òkú. Amọ̀ dúdú ló ń tú jáde, amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ irin bí òkèlè banku, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán omi kọjá tó bá ti rin gbingbin. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́bìrì ta mọ́ nǹkan. Páìpù ni. Ó ti ìsàlẹ̀ ihò náà lọ tààrà sínú gọ́tà tó wà lẹ́yìn igbó.

Mamle wo páìpù, ó wo Agbeko. "Ràkúnmí yẹn rèé," ló wí. "Níbo la ti máa rí olówó ẹ̀?"

Ọ̀gá Agbeko ti sọ fún un pé kó mú Fiifi wá tàbí kó kó aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Agbeko àti Mamle jọ gbéra lọ sí ọ́fíìsì Fiifi ní Tema. Bí Fiifi ṣe rí wọn, ojú fèrèsé ẹ̀yìn ló gbà. Mamle gbá a mú ní ẹ̀wù. Fiifi bọ́ kúrò nínú ẹ̀wù bí ẹní bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fò sẹ́yìn alùpùpù kan pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì ń juwọ́ sí wọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹnì kan ta wọ́n lólobó pé Fiifi fẹ́ sá lọ sí Kumasi. Agbeko wọ inú ọkọ̀ ní gáréèjì Ashaiman, ó jókòó ti ìyá kan tó wé gèlè bojú.

"Màmá, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Ìyá náà sún. Ó ń fẹ́ra rẹ̀ lábẹ̀bẹ̀. Agbeko wo ẹsẹ̀ rẹ̀: bàtà líle táwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ ń wọ̀ ló wà níbẹ̀.

"Màmá, irun àgbọ̀n yín mà ti ń hù o."

Ni gèlè bá fò, ni ìyá bá gba fèrèsé bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láàárín àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá. Agbeko há sójú fèrèsé yẹn, nítorí ikùn rẹ̀ tó tóbi. Èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí dírẹ́bà fi pa ẹ́ńjìnnì.

Wọn ò gbúròó Fiifi mọ́ títí Mamle fi jókòó ti maṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí rédíò ń polówó ilẹ̀ tuntun lọ́nà Sege. Dókítà Ekow Mensima ló ń sọ̀rọ̀. "Ilẹ̀ wa ń mumi bí ràkúnmí!"

Abẹ́rẹ́ gún Mamle lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó pe àbúrò rẹ̀, Dede, tó lẹ́nu bí abẹ. Dede gbé awò dúdú sójú, ó pe Dókítà lórí fóònù, ó ní òun ti Hamburg dé, òun fẹ́ ra ilẹ̀ tó máa gba odindi àdúgbò. Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú fóònù jáde.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, tánkà omi kan tẹ̀ lé Dede. Agbeko ló wà á, ó fi fìlà bojú. Mamle àti Sájẹ́ńtì Awuni, obìnrin ọlọ́pàá tí kì í pariwo, fara pamọ́ sẹ́yìn tánkà náà. Fiifi da garawa omi kan sínú ihò. Omi pòórá.

"Màdáámú, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Àmọ́ ìdílé tiwa máa ń wẹ̀ dáadáa. Dírẹ́bà, da tánkà sí i!"

"Tánkà kẹ̀? Màdáámú, àyẹ̀wò kọ́ nìyẹn o!"

Agbeko ti ṣí i. Omi ń ya wọ inú ihò gbàràgbàrà. Fiifi ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń làágùn. Láìpẹ́, òkìtì ewé kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ewé fọ́n ká, ọkùnrin kan sì yọ láti inú kòtò tó fara pamọ́ sí, omi ń jáde ní imú àti ẹnu rẹ̀, rọ́bà tó fi ń fa omi láti inú ihò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá! Garawa kan lẹ sọ! Garawa kan péré lẹ sọ fún mi!"

Sakyi ni, igbá kejì Fiifi.

Fiifi sá. Ṣùgbọ́n omi tánkà ti ya sórí amọ̀, amọ̀ sì ti di lẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan, bàtà ọ̀tún lọ. Òmíràn, tòsì lọ. Lẹ́yìn náà, ó rì dé orúnkún, ó dúró gbagidi bí òpó wáyà. Mamle fẹ́ sáré lé e, Sájẹ́ńtì dì í mú.

"Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí. Ilẹ̀ ti bá wa mú un."

Ó rìn yí i ká. "Orúkọ?"

"Dókítà Ekow..."

"Ṣé ká máa lọ, ká fi ẹ́ síbí?"

"Fiifi Quansah ni!"

"Ta ló ri páìpù sí Asomdwee?"

"Èmi ni. Sakyi ló ń bá mi fa omi. Tí mo bá sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́, ìjọba á ní kí n da gbogbo ìdọ̀tí àdúgbò pọ̀ sójú kan, kí n fà á lọ síbi tí yanrìn wà. Ọ̀wọ́n gógó ni. Páìpù kò wọ́n."

"Ṣé o mọ̀ pé pálọ̀ mi lo fi ṣe gọ́tà?" ni Mamle bi í.

"Ẹ má bínú, Màdáámú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí jáde."

Okùn ni wọ́n fi fà á jáde. Ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a wá.

Ilé ẹjọ́ ta ilé Fiifi, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe látilẹ̀: ẹ̀rọ àti páìpù tó máa fa ìdọ̀tí gbogbo ilé lọ sórí yanrìn. Agbeko bá Asomdwee rí ilẹ̀ oníyanrìn kan lókè, ó sì pe gbogbo wọn wá wo àyẹ̀wò. Ó da omi sílẹ̀. Omi rọra ń wọlẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mamle ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tó ń yọjú wo abẹ́ igbó, àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé e, wọ́n ń tú ewé, wọ́n ń kan ilẹ̀ bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ẹ̀rín sọ lórí òkè yẹn, ìyá Mamle sì na ọwọ́ Agbeko sókè bí ti ẹni tó borí nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́.