Ẹfun Nínú Omi Ìrèké

Ìkùukùu ṣì bo oko ìrèké nígbà tí Nereida rí ọkùnrin kan tó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń da ìbaaka bọ̀ láti orí òkè.

"Ṣé iwin ni ọ́ ni, àbí èèyàn?"

"Iwin kì í bèèrè omi mu, arẹwà. Ovidio lorúkọ mi. Òkúta ni mo ń sun di ẹfun."

Nereida bu omi fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń po omi ìrèké lórí iná kó lè di panẹ́là, ìyẹn ìṣù ṣúgà pupa, ojú Ovidio ló ń rí nínú èéfín dídùn náà. Ovidio pẹ̀lú kò gba ọ̀nà mìíràn mọ́. Ìfẹ́ ọ̀hún dùn mọ́ wọn bí oorun ìdájí.

Ṣùgbọ́n Don Eliseo, bàbá Nereida, ò fẹ́ẹ́ gbọ́. Gbogbo aládùúgbò ló ń bu ẹfun sí omi ìrèké láti pa kíkan rẹ̀, òun kọ̀ jálẹ̀.

"Ohun tó ń bó èèyàn lọ́wọ́ lẹ fẹ́ kí n jẹ?"

Òjò wá ká ìrèké tí wọ́n ti gé mọ́ oko. Omi rẹ̀ kan, panẹ́là ò dì mọ́. Bàbá fi ìbínú sọ pé bí ẹfun Ovidio bá lè mú un dì, kó wá fẹ́ ọmọ òun.

Ojú ń kán Nereida. Kàkà kó bù ú díẹ̀díẹ̀, odidi igbá ẹfun ló dà sínú agbada. Omi náà dúdú, ó ń rùn bí ọṣẹ. Òórùn náà ló pe Ovidio àti Don Eliseo wá sídìí iná.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Bàbá," ni Ovidio sọ kíá.

"Irọ́ ni. Èmi ni." Omijé bọ́ lójú Nereida. "Mo ti fọwọ́ ara mi lé e lọ."

Ovidio di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Olólùfẹ́, ibo ni mò ń lọ? Bàbá, bí ẹfun ṣe ń pa agbára kíkan, bẹ́ẹ̀ ni kíkan ń pa ti ẹfun. Ṣé omi kíkan ṣì wà nílẹ̀?"

Don Eliseo wò wọ́n títí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, tó ń dà á díẹ̀díẹ̀, tó ń tọ́ ọ wò, títí ojú rẹ̀ fi tú ká. Kò kan, kò rùn bí ọṣẹ mọ́. Wọ́n sè é, ó ki, ó sì dì.

Bàbá fọ́ ìṣù àkọ́kọ́, ó fi lé Ovidio lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́, àna mi. Àmọ́ ẹ má fi ìgbéyàwó sí ìgbà òjò o."

Nereida ò tiẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ó ti so mọ́ Ovidio lọ́rùn.