Kọ́ńtírólà Onísímẹ́ǹtì

Òórùn jíjó ló pàdé Ìyá Ẹlẹ́yin lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́ńtírólà, àpótí kékeré tó ń ṣe onílàjà láàárín páànẹ́lì tó ń fi oòrùn pèsè iná lórí òrùlé àti bátìrì, ti yọ́ mọ́ ara ògiri bí àbẹ́là. Ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin ti dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Mo gbé!"

Àrùn ti gbá gbogbo adìẹ rẹ̀ lọ. Ẹyin inú ẹ̀rọ yìí ló kù tí yóò fi tún agbo dá. Àwọn ọmọ ti ń ké nínú èèpo, wọ́n fẹ́ jáde sáyé, ayé sì ń tutù mọ́ wọn lára.

Ó kó wọn fún ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ bá mi jẹ́ kí wọ́n móoru o!" Ó sáré pe àbúrò rẹ̀, ọlọ́pàá tí àwọn olè sọ ní Àtè, nítorí ohun tó bá dì mú kì í bọ́.

Àtè tú àpótí náà. Pátákó iná tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló wà nínú rẹ̀, ìyókù, símẹ́ǹtì! Ó ṣí bébà tí wọ́n kọ ìwọ̀n iná tó lè gbé sí lára rẹ̀: lábẹ́ "ọgbọ̀n áńpù", "mẹ́wàá" ló jókòó síbẹ̀ tó ń tijú.

"Ta ló tà á fún yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìmọ́lẹ̀-dé ni. Ó ní kí n gbé e wò bó ṣe wúwo tó!"

"Ẹ sì gbé e?"

"Mo gbé e, mo tún dúpẹ́."

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ mọ ojúlówó, ọwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù Ìmọ́lẹ̀-dé lọ. Ìyá Ẹlẹ́yin fi ìborùn bojú. Àtè bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, ó ṣe bí oníbàárà.

"Ọ̀gá, páànẹ́lì mẹ́rin ni mo ní, ọgọ́rùn-ún wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì fóòtì méjìlá. Kọ́ńtírólà wo ló máa gbà á?"

"Èyí ni! Ọgọ́ta áńpù. Oòrùn fúnra ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀."

"O ò ní ṣírò ni?"

"Ojú mi ni ìṣírò, ẹ̀gbọ́n."

"Irinwó, pín in sí méjìlá: ó lé díẹ̀ ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Fi ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ kún un, nítorí ọjọ́ tí oòrùn bá ya wèrè: bíi méjìlélógójì."

"Ẹ ò rí i? Tèmi tún ṣẹ́kù!"

"Ó dáa. Páànẹ́lì mẹ́rin bẹ́ẹ̀ wà lórí òrùlé rẹ. So ó mọ́ wọn, àti bátìrì tí iná ti tán nínú ẹ̀ yẹn. Kí o wá gbé ọwọ́ lé e."

Ìmọ́lẹ̀-dé wojú ọ̀run. Ìkùukùu ti bo oòrùn. Ló bá rẹ́rìn-ín, ló so ó, ló tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Ó tutù bí omi àmù!"

Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ tí ìkùukùu ṣí. Ìyá Ẹlẹ́yin ń wo bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń kéré sí i. Òógùn yọ nímú. Ẹsẹ̀ kan gòkè, èkejì tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà ń jó láìsí ìlù.

"Ṣé kò gbóná?"

"Rá... rárá o!"

"Má gbé ọwọ́ kúrò nígbà yẹn."

"Yéè!"

Ó fo kàǹtà, ó fo fèrèsé. Ìyá Ẹlẹ́yin di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú. Ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀-dé bẹ́ gun alùpùpù kan tó ń kọjá.

"Gbé mi sáré! Ibi yòówù!"

Alálùpùpù bojú wẹ̀yìn. "Háà! Ìmọ́lẹ̀-dé! Kọ́ńtírólà tó o tà fún mi ló jó tábìlì ìyàwó mi. Dì mí mú dáadáa o." Ó fun fèrè títí ó fi já a sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Kí ni símẹ́ǹtì ń wá nínú kọ́ńtírólà?" Àtè, tó ti tẹ̀lé wọn débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bi í.

"Kó lè wúwo ni, sà. Oníbàárà tó bá ti gbé nǹkan wíwúwo kì í bèèrè mọ́."

"Èyí tó wà nílé rẹ ńkọ́? Ṣé onísímẹ́ǹtì ni?"

Ìmọ́lẹ̀-dé dorí kodò. "Ojúlówó ni, sà."

Ìyá Ẹlẹ́yin ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré délé, ó ṣílẹ̀kùn yàrá ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyá, àwọn ẹyin dà?"

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kúbùsù dé ọrùn, ìgò omi gbígbóná yí i ká. Nǹkan kan mì lábẹ́ kúbùsù. Orí tútù kékeré kan yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀: "Tíwì!"

Ìyá Ẹlẹ́yin bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì gba ẹkún náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìyàwó mi, má fọwọ́ kàn mí o," ni màmá wí. "Mò ń rọbí lọ́wọ́. Àwọn yòókù ń bọ̀."